Òjé Àtàǹpàkò

Kò ra òjé rí láyé rẹ̀.
Ọwọ́ Tìjání fọgannáísà ní Òkè-Fíà ló ti ń gbà á,
àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń kàn mọ́ rímù
kí táyà má baà máa gbọ̀n lórí eré.
Tí wọ́n bá já, Tìjání á jù wọ́n sínú agolo mílíìkì,
á ní, "Ràímì, ẹrù rẹ ti kún o,"
bàbá mi á gbé ẹja yíyan méjì fún un.
Wọn kì í dárúkọ owó.

Amọ̀ etídò ló fi ń mọ ohun tó ń pè ní ilé òjé.
Á pò ó, á ṣa òkúta inú rẹ̀ kúrò,
á wá ti àtàǹpàkò ọ̀tún bọ̀ ọ́,
ihò mẹ́fà ní ìlà kan,
á fi sípóòkù kẹ̀kẹ́ la ibi tí okùn yóò gbà.
Ọjọ́ mẹ́ta lóòrùn, ọjọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.
"Àwẹ̀ró, omi àti òjé gbígbóná
kì í sùn nínú ilé kan náà."
Ó ká apá aṣọ sókè, ó fi àpá hàn mí:
lọ́dún kan tí kò ní sùúrù,
ìrì òwúrọ̀ ló kù nínú amọ̀,
òjé bú gbàù, ó tu sí i lára bí itọ́ sèbé.

Èmi ni mo máa ń fẹ́ iná.
"Dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.
Èéfín yìí kì í ṣe èéfín iṣu."
Òjé á kọ́kọ́ làágùn létí, á rọ̀,
á wá máa dán bí ojú ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú.
Á fi ṣíbí kó ìdọ̀tí orí rẹ̀ dànù, á dà á.
Tó bá tutù, a tú u:
àtàǹpàkò mẹ́fà,
pẹ̀lú ìlà ara ìka, pẹ̀lú ojú àpá
tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ irin fi síbẹ̀.

Ìka yẹn náà ló fi tẹ ìwé
lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ irin kógbá sílé.
Kò mọ̀wé. Wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́ níbí, níbí, àti níbí.
Ó ní yíǹkì náà pẹ́ kó tó kúrò ní èékánná.
Owó tí ìwé náà sọ, a ṣì ń retí rẹ̀.

Ẹnìkan bi í pé, Ọ̀ṣun ń ṣàn lẹ́yìnkùlé rẹ,
kí lo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Erinlẹ̀ fún, lọ́nà Ìlobùú?
Ó wò ó tìyanu-tìyanu.
"Ẹja Ọ̀ṣun kẹ̀?
Ṣé o máa ń fi ọmọ ìyá onílé rẹ se ọbẹ̀ ni?"

Lẹ́yìn òjò, Erinlẹ̀ a máa sáré bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé.
Ìwọ̀ tí kò lójé á máa fò káàkiri lójú omi,
ekòló á kàn máa wo àrọ̀ lókèèrè.
Ti bàbá mi á wọlé, tọ̀, á jókòó.
Ṣùgbọ́n gbòǹgbò pọ̀ nísàlẹ̀ níbẹ̀.
Okùn á há. Á fà á, á fà á, á já.
Kì í bínú.
"Odò náà ní kí n tẹ̀ka," ló máa ń wí,
á sì rẹ́rìn-ín, á tún so òmíràn.

Ọdún kẹta rèé tó ti lọ.
Ilé òjé rẹ̀ sán nígbà ọyẹ́ tó kọjá.
Mo po amọ̀ tuntun, mo ti àtàǹpàkò tèmi bọ̀ ọ́.
Ó kéré. Omi ń gbé e.
Méjì-méjì ni mò ń so pọ̀ báyìí.

Ẹyọ kan ló kù nínú tirẹ̀.
Mi ò jẹ́ sọ ọ́ sódò.
Mo gbé e lé ìwé owó àjẹmọ́nú rẹ̀ lórí tábìlì.
Lálẹ́, tí iná bá dé, tí fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í yí,
etí ìwé náà á máa gbọ̀n,
àárín rẹ̀ kì í mì.