Ìwé Ìwọ̀n Dọ́káàsì

Wọ́n ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà,
kò lè lákìísà bí àgbà.
Èmi lákìísà o. Ìyá ìyá mi ló fi sílẹ̀ fún mi,
àpò ìrẹsì méjì, ó kún dẹ́nu,
pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń wúkọ́ bí arúgbó,
àti ìwé kan tí epo ẹ̀rọ ti mu,
tí aáyán ti jẹ létí,
níbi tó ń kọ ara àwọn obìnrin Iléṣà sí.

Kò kọ ojú wọn. Kò kọ ohun tí wọ́n sọ.
Àyà, ìbàdí, ìdí, gígùn apá.

*Yúnísì Fáńbẹ́, Ìjọka. 1956.
Àyà, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ìbàdí, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.*
Gáùn olómi aró, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ gbàràgàdà,
yẹ̀rì mẹ́ta lábẹ́ rẹ̀, tí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ mú le gan-an.
Bó bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì,
ẹni méjì á dìde fún aṣọ rẹ̀.

1968, òlékù dé.
Ìró ò fẹ́ mọ kókósẹ̀ mọ́, orúnkún ló ń bá ṣọ̀rẹ́.
Etí ìwé ni ìyá mi àgbà kọ èyí sí, lẹ́tà wẹ́wẹ́:
*Ó ní kí n gé e. Mo gé e.
Ó ní kí n tún gé e. Mo gé e.
Ó ní ó kù díẹ̀.
Mo ní, lọ sílé, lọ bi ìyá rẹ.*

Ọdún Údójì, owó gorí owó,
léèsì wọ̀lú, ihò rẹ̀ tó ọmọ ẹyẹ í gbà kọjá.
Máàsì tẹ̀ lé e, ó gùn, ó gùn,
ó ń gbá ilẹ̀ Èrèjà láàárọ̀
bí ẹni tí káńsù gbà síṣẹ́.

Nígbà tó di 1984,
fóòmù jókòó sí èjìká méjèèjì,
ẹ ò ní mọ̀ bóyá Yúnísì ló ń bọ̀ tàbí ṣọ́jà.
*Ìbàdí, méjìlélógójì.*
Ìyá mi àgbà ò wí nǹkan kan.
Ó fi ínṣì méjì pamọ́ sínú ojú ìrán,
fún ọ̀la.

Lábẹ́ ìyẹn: *Ó ku náírà mẹ́fà.*
Lẹ́yìn ìyẹn, Yúnísì ò sí nínú ìwé mọ́.

Ẹ sì wò ó, òṣómàáló lọkọ rẹ̀.
Ó ń kó aṣọ láwìn lọ sílùú Tápà,
ó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí oúnjẹ á fi sú wọn í jẹ níwájú rẹ̀,
títí owó á fi jáde.
Ìyàwó tirẹ̀ jẹ wá ní náírà mẹ́fà,
Dọ́káàsì ò sì lọ lóṣòó síbì kan.
Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ìwé ò sọ.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọlé,
Mofìyìn lorúkọ rẹ̀, ó mú fọ́tò kan dání,
dúdú àti funfun, igun rẹ̀ kan ti ya:
obìnrin kan di kẹ̀kẹ́ ológeere mú,
gáùn rẹ̀ gba gbogbo àwòrán.
“Ìyá bàbá mi nìyí. Irú ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́.”

Mo na tépù. Àyà, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Mo na tépù. Mo tún un nà.
Mi ò mú bírò.
Wọ́n ti bá mi kọ ọ́, kí wọ́n tó bí ìyá mi.

Àná ló wá wọ̀ ọ́ wò.
Mo lóṣòó síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń ká etí aṣọ,
píìnnì mẹ́rin láàárín eyín mi.
Ó wolẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
“Ṣé gbèsè lẹ fẹ́ gbà ni?”

Mi ò lè dáhùn.
Píìnnì wà lẹ́nu mi.