Àkùkọ Òkè Súnnà

Ọ̀gá ará Ṣáínà nílé-iṣẹ́ abọ́ tánganran n'Íkẹjà
kì í fún Àǹtí Ṣìfáwù lówó ọdún.
Ẹyọ fàdákà kan ni, tútù bí ìdí àmù,
ẹranko ọdún náà lójú rẹ̀.
Eku dé, màlúù tẹ̀ lé e,
dírágónì dé, kò sẹ́ni tó mọ oríkì rẹ̀ ní Òkè Súnnà.
Ẹlẹ́dẹ̀ nìkan ló dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú àpótí:
"Fàdákà ni mo gbà, n ò gba ẹran."

Ọdún fọ́ọ̀mù Wáẹ́ẹ̀kì mi, àkùkọ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀;
alágbẹ̀dẹ kan ní Ìdúmọ̀tà yọ́ ọ ṣe òrùka ẹni ẹlẹ́ni.
Àǹtí fi ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò dí àlàfo,
ó fi ìṣó ya ogbe sí i, ó ya ìrù,
ẹsẹ̀ ò ráyè mọ́.

Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, mo ra òmíràn wá.
Ó gbé e wò lọ́wọ́, ó fi eyín tẹ̀ ẹ́,
ó kì í bọ̀ mí lọ́wọ́ padà:
"Fọ́ọ̀mù ta ló kàn nílé yìí?"

Ìdérí ọ̀hún ṣì wà láàárín ọ̀bọ àti ajá.
Ó ti dógùn-ún.
Ogbe rẹ̀ wá pupa bíi ti àkùkọ gidi.