Idẹ Ẹni Kẹta

Ní Bida, lẹ́yìn ilé Ndakotsu,
a kó kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ jọ, àti orí ẹ̀rọ omi tó ti sán,
àti àgádágodo ṣọ́ọ̀bù kan tí olówó rẹ̀ jẹ gbèsè sá lọ.
Iná kì í bi idẹ léèrè ibi tó ti ń bọ̀.

Ìda ni mo fi mọ ọmọbìnrin tó ń sáré,
orúnkún kan lókè, ìborí rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.
Mo fi amọ̀ àti ìgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bò ó,
mo sá a sínú ọyẹ́.
Nígbà tí iná mú un, ìda sunkún jáde,
ó fi àyè ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkùnkùn
bí ẹni tó dìde lórí ẹní, tí ẹní ṣì gbóná.

A kì í sọ̀rọ̀ bí a bá ń da idẹ.
Ewúrẹ́ ọ̀gá mi pàápàá mọ̀.

Mo fọ́ amọ̀. Ẹsẹ̀ kan kò pé:
afẹ́fẹ́ ti jókòó síbi tí ìka yẹ kó wà.
Mo ní ká dá a padà síná.
Ndakotsu fi àtàǹpàkò nù ún, ó rẹ́rìn-ín:
"Ẹni kẹta ni wọn yóò fún.
Ṣé o rò pé ẹsẹ̀ pípé ló gbé e débẹ̀ ni?"

Ní Minna, lọ́jọ́ Sátidé, mo dúró láàárín èrò.
Wúrà ẹni kìíní, ọ̀dà lásán ni.
Salamatu tẹ orí ba, okùn bọ́ sí i lọ́rùn.
Ó fi eyín gé idẹ náà wò,
ó wo ẹsẹ̀ tó sọnù lára rẹ̀,
ó wo ẹsẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n fi àkísà dì.

Kò mọ̀ mí.
Òórùn ìda ṣì wà lọ́wọ́ mi.