Ìwé Orúkọ Kí Líìgì Tó Bẹ̀rẹ̀

Kóòṣì ní kí n to orúkọ àwọn ọmọ náà,
láti orí ẹni kìíní dé orí ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún.
Èmi tí mò ń fọ jẹ́sí, tí mò ń sá bàtà sóòrùn!
Ó ní, "Ìwọ lo ń rí wọn nígbà tí mo bá yíjú."
Líìgì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.
Mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ àgbà fẹ́ mú.

Mo jókòó sórí báfù tí mo dojú rẹ̀ dé
lẹ́yìn pápá, ní Òkè-Baálẹ̀,
èmi àti bírò, èmi àti ìwé ogójì ojú-ewé.
Ọyẹ́ ti ń di ẹrù rẹ̀, eruku rẹ̀ ló kù sára ìbọ̀sẹ̀.

Mo kọ Ọ̀ṣúnníyì sí ipò kìíní.
Kò sí iyàn níbẹ̀. Ọmọ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
bí bọ́ọ̀lù bá dé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a dákẹ́
bí ìkókó tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pọ̀n.
Ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi níwájú mi,
gìgísẹ̀ rẹ̀ pọ́n. Lánàá náà, ó pọ́n.
Kò sọ fún ẹnì kankan.
Ó tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ díẹ̀ kó tó kó o fún mi.

Ipò kejì: Mútàlúbì, òpó iná tó ń sáré.
Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni.
Mo wo ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀, mo wo irùngbọ̀n,
mo rántí pé òun àti àbúrò mi jọ jáde ilé ìwé,
àbúrò mi sì ti bí ìbejì.
Ọjọ́ orí ilé ọ̀tọ̀, ọjọ́ orí pápá ọ̀tọ̀.
Mo kọ èyí tí wọ́n fún mi.

Ipò kẹta ni bírò ti dúró.
Tìámíyù ń pò sìmẹ́ńtì láàárọ̀ ní Òkè-Fìà,
ó ń ṣọ́lé nírọ̀lẹ́.
Ọwọ́ tó ti ju búlọ́ọ̀kù láti ìdájí,
bọ́ọ̀lù wo ni yóò wúwo fún un?
Ṣùgbọ́n Adégòkè ń bẹ. Bàbá rẹ̀ ló ra jẹ́sí ọdún yìí,
kóòṣì sì ti fi àmì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀
kó tó gbé ìwé fún mi.
Jẹ́sí Adégòkè kì í dá mi lágara:
bó ṣe lọ ló ń bọ̀, funfun báláú.

Mo fò ó, mo lọ sísàlẹ̀ pátápátá.
Fálérè, kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọn kò tíì fi sínú eré rí.
Òun ló ń wọnú gọ́tà lọ mú bọ́ọ̀lù,
ẹrẹ̀ aṣọ rẹ̀ ju ti ẹni tó gbá àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú.
Bó bá jẹ́ pé ẹrẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ọmọ ni!

Wọ́n ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.
Ṣé bírò igba náírà ló ń fúnni lórí?
Ọdún kan wà tí èmi náà wà nípò kejì
nínú irú ìwé báyìí, orúkọ mi gún régé.
Orúnkún mi kò mọ̀wé kà.

Reluwé fọn fèrè kan ṣoṣo, ó dákẹ́.
Ẹni kẹrin dé ẹni kẹrìnlá, mo kọ wọ́n wàràwàrà,
kí Ọlọ́run má ka ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn.
Ipò kẹta ṣófo.
Mo da iyọ̀ sínú ìkòkò, mo koná sí i,
mo ránṣẹ́ pe Ọ̀ṣúnníyì pé kó wá, kó má wọ bàtà.

Ohùn kóòṣì dé kí òun alára tó dé:
"Ìwé dà?"
Mo ní ẹ dákun,
ìbọ̀sẹ̀ kan ló kù tí n kò tíì fọ̀ tán.