Àwo Kọkàndínlógójì

Nílé wa, lẹ́bàá Yakutsk, ilẹ̀ kì í yọ́ tán.
Bàbá ìyá mi gbẹ́ ihò sísàlẹ̀ ilé,
ó ń kó ẹran ẹṣin àti ẹja odò Lena síbẹ̀,
a máa ní yìnyín ni àpótí tí kì í dalẹ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí mo rí i
lára igi àjà: ohun funfun kan, bí irun àgbọ̀n arúgbó,
tó ń gbilẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú òtútù tó ń bu ni jẹ létí.
Mo ní, "Kí lèyí?"
Ó rẹ́rìn-ín.
"Onílé ni, Tuyaara. Àwa la bá a níbẹ̀."

Turin ni mo wà báyìí, ní Ítálì,
nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ gan-an ń wẹ̀ kó tó wọlé.
Ìbọ̀wọ́ méjì, ìbòmú, aṣọ funfun dé kókósẹ̀,
ojú nìkan ló ṣẹ́ kù lára ènìyàn.
Ọkọ̀ òfuurufú kan dúró láàárín wa, apá rẹ̀ bí apá alákàn.
Ó ń lọ sí òṣùpá kan tí yìnyín bò ṣíkún,
tí omi sì wà lábẹ́ rẹ̀
tí ẹnu kankan kò tíì tọ́ wò.
Iṣẹ́ mi kò lókìkí:
mo ń fi owú nu ara irin, ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́,
mo ń sọ owú sínú ìgò, mo ń kọ nọ́ńbà.
Ersilia ọ̀gá mi ní ẹni tó fẹ́ wo ilé onílé,
kó kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀.

Ààrò ni wọ́n fi ń pa kòkòrò àìfojúrí níbẹ̀.
Àyẹ̀wò lẹ́yìn ààrò, inú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń gbé e sí,
bí ẹni pé gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ń wá oòrùn.
Mo bẹ̀bẹ̀ fún fìríìjì.
"Kí ló máa hù nínú fìríìjì?"
Mo rántí igi àjà. N kò fèsì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwo méjìdínlógójì mọ́ fínnífínní.
Lórí ìkọkàndínlógójì, tótó kan,
pupa rúsúrúsú, kò tó ẹyin ẹja.
A tú ìran rẹ̀ wò: kì í ṣe ọmọ Turin.
Inú ilẹ̀ dídì ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé,
ní ìhà odò Lena.

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.
Ersilia kò pariwo. Ó kàn béèrè pé,
"Fìlà onírun tí ìyá rẹ fi ránṣẹ́, níbo lo ń fi kọ́?"

Wọ́n dá apá ọkọ̀ náà padà sínú ààrò.
Oṣù méjì àbọ̀ ṣòfò, owó tí n kò lè kà tán.
Àwo yẹn, èmi ni wọ́n ní kí n sè é pa.
Mo dúró tì í díẹ̀.
Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti dé ìlú yìí,
òun nìkan ni ará ilé tó bẹ̀ mí wò.
Mo ti ilẹ̀kùn ìkòkò irin náà. Mo yí bọ́tìnnì.

Lálẹ́, mo pe bàbá ìyá mi lórí fóònù.
Ó gbọ́ ọ tán, ó wúkọ́.
"Òṣùpá yẹn, ṣé ó lónílé?"
"A ò tíì mọ̀, Bàbá."
"Ó dáa. Bẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ sọ fún mi.
Títí dìgbà náà, ẹ má kó ẹran síbẹ̀."