Temirbek Tẹ́tí

Ní Naryn, òtútù kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Odò ti di òkúta. Lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù wa
yìnyín mu ọkùnrin dé orúnkún.
Ẹ̀yìn ilé ìdáná ni Temirbek ń gbà wọlé,
àpótí irinṣẹ́ lápá òsì, búrẹ́dì nínú àpò kóòtù.

Irin ni Temir lédè wa.
Ọmọ mẹ́ta ni ìyá rẹ̀ sin kó tó bí i;
ó ní kí eléyìí le, kó dúró.
Ó dúró. Ó wá di oníṣègùn fún irin.

Àwọn dókítà ju okùn tí wọ́n fi ń tẹ́tí sáyà nù,
etí rẹ̀ kan ti di. Òun ló ṣà á.
Ó gbé e lé ikùn ẹ̀rọ tó ń pèsè atẹ́gùn,
ó dijú. “Asẹ́ rẹ̀ ló dí.”
Ó gbọn eruku rẹ̀ sórí yìnyín;
ẹ̀rọ mí, bàbá arúgbó orí bẹ́ẹ̀dì kẹrin náà mí.

Ẹ̀rọ tí ń wọn ìfúnpá purọ́ fún wa lọ́sẹ̀ náà:
ó ní gbogbo wa la ti fẹ́ kú,
títí kan ọmọdébìnrin tó ń nulẹ̀.
Temirbek bá a wí. Ó gbà.

Àmọ́ lóru Ọjọ́bọ̀,
àpótí tí ń mú ọmọ móoru kú fin-ín.
Ọmọ Nurzada ló wà nínú rẹ̀, ọmọ oṣù méje,
kò wúwo ju búrẹ́dì méjì lọ.
Mo gbé e sáyà ìyá rẹ̀, ara kan ara,
mo fi awọ àgùntàn bò wọ́n.
Iná pupa kékeré tí a so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kà:
méjìdínláàádọ́rùn-ún,
méjìdínláàádọ́rùn-ún,
mọ́kànléláàádọ́rùn-ún.

Temirbek tú àpótí kalẹ̀ lórí pẹpẹ ilẹ̀,
ó ń da nọ́ọ̀tì sínú ife, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Nígbà tí ojú ọ̀run yóò fi là, ó ní, “Ó ti gbóná.”
Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìyá sùn, ọmọ sùn,
iná pupa ń ka mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

Ó súnmọ́ wọn. Ó fi etí okùn tó ṣì gbọ́ràn
lé ẹ̀yìn ọmọ náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni bẹ̀rù kó bàjẹ́.
Ó pẹ́ níbẹ̀.
Mo ní, “Kí ló ń ṣe é?”
“Kò sí. Kò sóhun tí mo lè tún ṣe níbẹ̀.”

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.
Mo bu tíì mu, eyín mi kan irin:
nọ́ọ̀tì kan ti sùn sínú ife mi.