Àpá Lápá

Ẹ wo apá mi òsì. Àpá tó wà níbẹ̀ yẹn,
tó rí bí ewé àgbọn tó ká kò lórí iyanrìn,
Ìbẹ̀rẹ̀kò ni mo ti gbà á.
Aago méjì ọ̀sán, ọkọ̀ ń rú èéfín bí ààrò ẹlẹ́ja,
èmi nọ́ọ̀sì, tí mo ń mọ ibà lójú aláìsàn láti ẹnu ọ̀nà,
mo fi ọwọ́ lásán ṣí ìdérí rédíétọ̀.
Omi fò sókè, ó kí mi.

Hùnsù mẹkáníìkì dé. Ó wo ọkọ̀, ó wò mí,
ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà.
Omi ló tán. Omi lásán.
Omi tó yí Àgbádárìgì ká bí ìgbànú,
omi tí à ń bẹ̀ kó má wọlé lọ́jọ́ òjò,
òun ló tán nínú ọkọ̀ mi, tí n kò mọ̀.

Láti ìgbà náà, bó bá ti di Sátidé,
kí ẹnikẹ́ni ní Àjàrá tó gbálẹ̀ ojúde,
mo ti wà níta pẹ̀lú àkísà àti tọ́ọ̀ṣì.
Yẹ̀nùkúnmẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi a máa bá mi mú iná dání,
a máa yán, a máa bi mí pé,
"Àǹtí Sènàmì, ṣé ara ọkọ̀ yìí ò yá ni?"
Ara rẹ̀ yá. Bí a ṣe fẹ́ kó máa wà nìyẹn.

Ẹ́ńjìnnì tútù, ilẹ̀ tó tẹ́jú.
Mo fa ọ̀pá ọ́yìlì yọ. Má gba ohun tó kọ́kọ́ sọ gbọ́;
bí ọmọ tó fọ́ àwo ni, irọ́ ló ń ṣáájú lẹ́nu rẹ̀.
Nù ún. Tì í bọ̀ ọ́ padà. Fà á yọ lẹ́ẹ̀kejì.
Ìgbà yìí ló tó wí òótọ́:
bó bá dúró láàárín àmì méjèèjì, ó dáa.
Bó bá dúdú bí omi aró, tí ìka ń gbọ́ iyanrìn nínú rẹ̀,
ọjọ́ pípààrọ̀ ti kọjá, a kàn ń tan ara wa ni.

Ṣùgbọ́n bátìrì ni wàhálà tèmi gan-an.
Afẹ́fẹ́ òkun kì í sùn nílùú wa,
ó ń lá irin bí ewúrẹ́ ṣe ń lá ògiri.
Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá, orí bátìrì á hu funfun,
á hu àwọ̀ ewé, bí búrẹ́dì tó ti bu.
Èyí tó ní àmì ìyọkúrò ni kí o kọ́kọ́ tú,
òun náà ni kí o dè kẹ́yìn. Yẹ̀nùkúnmẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí.
A da omi gbígbóná sí i díẹ̀díẹ̀ (apá mi jìnnà!),
a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù gbo ó, a nù ún gbẹ,
a wá fi fasilíìnì pa á,
fasilíìnì kan náà tí mo fi ń pa ìdí ọmọ tuntun ní ọsibítù.
Ẹ má sọ fún mátíróònù.

Mo ní kọ́bọ̀ kan tó ti ayé ìyá mi wá.
Kò lè ra iyọ̀ mọ́, kò lè ra ìṣáná ẹyọ kan,
ṣùgbọ́n mo máa ń kì í bọ ojú ilà táyà.
Bó bá rì, a lè dé Sẹ̀mẹ̀ ká padà.
Bí gbogbo ara rẹ̀ bá hàn síta, táyà ti pá lórí.

N kì í fọwọ́ kan bíréèkì. Mo mọ ibi tí ọgbọ́n mi mọ.
Fún ìyẹn, mo ṣì ń lọ bá Hùnsù lábẹ́ igi àgbọn rẹ̀,
ó sì ń wojú mi báyìí kó tó pe iye.
Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ó ní fáànù ló bàjẹ́.
Mo ní, "Bẹ́líìtì ló dẹ̀. Mo ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ nílé."
Ó dákẹ́. Ó fi àkísà ọwọ́ rẹ̀ nu ojú, ojú dúdú sí i.
Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jókòó, kí n la àgbọn fún yín."

Mo jókòó.
Omi inú rẹ̀ tutù, ó sì kún dé ẹnu.